Ẹ Má Gún Un Bí Iyán: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹnu àti Ojú Tó Wọ́ Níṣẹ́ Padà

Píìnì ló kọ́kọ́ tú mi láṣìírí. Aránṣọ ni mí ní Ìfàkì-Èkìtì, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ètè di píìnì mú bí mo bá ń wọn aṣọ sí oníbàárà lára. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà ọyẹ́, mo kó píìnì mẹ́ta sẹ́nu bí ìṣe mi, méjì já bọ́ láti igun ọ̀tún. Mo ṣà wọ́n, mo tún kó wọn sẹ́nu, wọ́n tún bọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń dá àpárá ni. Nígbà tó wò mí dáadáa, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹnu yín mà ti wọ́ o."

Mo lọ síwájú jígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ìdajì ojú mi rẹ́rìn-ín, ìdajì kejì ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni oníbàárà kan pè mí lórí fóònù, ó ń béèrè ibi tí òun máa bọ́ sí. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀ ní Ìfàkì. "Ìhàkì" ló jáde. Orúkọ ìlú tí wọ́n bí mi sí, n ò lè pè é mọ́.

Bí mo ṣe kọ́ ojú náà padà ni mo fẹ́ kọ síbí, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Àṣìṣe mi ló ná mi ní oṣù ju àìsàn náà gan-an lọ.

Ilé ìwòsàn kí ẹ tó dé iwájú jígí

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kankan kí dókítà tó rí yín, ẹ sì má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ohun méjì ló máa ń fa ẹnu wọ́ jù: rọpárọsẹ̀, tó jẹ́ ti ọpọlọ, àti wíwú iṣan ojú, tó jẹ́ ti ojú nìkan. Ẹ ní kí ẹni náà gbé irun òkè ojú àti iwájú orí sókè bí ẹni tí ẹnu yà. Bí iwájú orí bá ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lápá méjèèjì tó sì jẹ́ pé ẹnu nìkan ló wọ́, ẹ bẹ̀rù rọpárọsẹ̀, pàápàá bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu. Bí apá kan iwájú orí bá dán bíi jígí, tí ojú apá yẹn ò pa dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan ojú. Ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ ọ́. Èyí tí mo kọ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà, bóyá ẹ̀rù ló máa bà yín tẹ́ ẹ fi máa tètè gbéra.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, oògùn ibà ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ṣòfò. Oògùn kan wà tó ń mú kí wíwú iṣan náà lọ sílẹ̀, predinisolóònù, tó sì dáa kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Àbúrò mi ló ní kí n dìde, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tí kò jìnnà sí wa rárá. Díẹ̀ ló kù kí wákàtí náà pé. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ẹ lóyún, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn yẹn.

Dókítà náà ṣàlàyé rẹ̀ yé mi. Iṣan kan ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí apá ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní iṣan keje. Inú ihò tóóró kan nínú egungun, lẹ́yìn etí, ló gbà kọjá. Bó bá wú níbẹ̀, kò ráyè, egungun á fún un mọ́lẹ̀. Ó dà bí wáyà iná tí ilẹ̀kùn há: gílóòbù ò bàjẹ́, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bell's palsy ni wọ́n kọ sínú fáìlì mi. Charles Bell, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ṣàlàyé iṣan náà ní 1821, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ó wá yé mi ìdí tí odó fi fẹ́ pa mí. Ẹ mọ̀ pé Èkìtì ni wá, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ odó kì í dún ládùúgbò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ìró rẹ̀ ti ń bú gbàmù létí mi ọ̀tún bí ìbọn. Ẹran kékeré kan wà nínú etí tó máa ń dín ariwo kù, iṣan kan náà ló ń pàṣẹ fún un. Kódà apá ọ̀tún ahọ́n mi ò mọ iyọ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi," mo sì ń lo oògùn mi.

Ojú tí kò pa dé ló yẹ kó jẹ wá lógún ju ẹnu lọ. Bí dókítà bá ti rí yín, ẹnu tó wọ́ lè dúró de ọ̀la. Ojú tó gbẹ lè fọ́. Nígbà ọyẹ́ yẹn eruku ò jẹ́ kí n sinmi. Oògùn ẹ̀kán fún ojú lọ́sàn-án, òróró ojú lálẹ́, kí n tó sùn màá fi ẹ̀yìn ìka rọra fa ìpéǹpéjú bò ó, màá wá lẹ téèpù ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Màá wọ dígí ojú bí mo bá fẹ́ gun ọ̀kadà. Bí ojú bá pọ́n, tó ń ro yín tàbí tó ń rí bàìbàì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ padà lọ.

Ibi tí mo ti gún un bí iyán

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni àìsàn yìí máa ń fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àyípadà sì máa ń hàn lára ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ò ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí n máa fẹ́ bàlúùnù, mo ra páálí kan. Ẹlòmíràn ní kí n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù lápá ọ̀tún, mo ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ tí àgbọ̀n fi ń dùn mí. Lálẹ́, màá jókòó, màá di ojú pọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, tí òógùn á máa bọ́. Mo rò pé bí iṣẹ́ bá ṣe le tó ni èrè á ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn.

Apá òsì tó lágbára ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ṣe ni mo ń fún alágbára lóúnjẹ, tí mò ń wo aláìlera níran. Ṣingọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹran tí a fi ń jẹun, iṣan mìíràn ló ń pàṣẹ fún un, kò fìgbà kankan ṣàìsàn. Iṣẹ́ òfo gbáà.

Èyí tó burú jù ò tíì dé. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, mo ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí ó tutù, ojú ọ̀tún mi sì pa dé fúnra rẹ̀. Mo tún fẹ́ ẹ, ó tún pa dé. Oníṣẹ́ físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ní ilé ìwòsàn, sọ fún mi pé iṣan tó bà jẹ́ máa ń hù padà díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà kan lójúmọ́, àti pé nígbà mìíràn ẹ̀ka tó yẹ kó lọ sẹ́nu á ṣìnà lọ sójú. Kò sọ pé èmi ni mo fà á. Ohun tó sọ ni pé bí èèyàn bá ń fún gbogbo ojú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lójoojúmọ́, ó ń kọ́ ìṣìnà yẹn ní ọ̀nà ilé ni. "Màmá," ó ní, "ẹ ti gún un bí iyán. Kíki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ bá máa fojú rẹ̀ wò." Ẹni tó gbọ́ èdè aránṣọ nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo kó bàlúùnù fún àwọn ọmọ.

Jígí, ṣọ́ọ̀kì àti téèpù

Mo fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ìlà kan gbọọrọ láti òkè jígí dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá jókòó, màá jẹ́ kí ìlà náà gba àárín imú mi kọjá, màá fi ìgúnpá méjèèjì lé tábìlì. Ìlà yẹn kì í parọ́. Ó ń fi hàn mí bí apá òsì bá ti ń fa gbogbo ẹnu lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni, lẹ́ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó. Bó bá ti ń gbọ̀n, tàbí tí apá tó dáa bá ti fẹ́ gba iṣẹ́ ṣe, ẹ dáwọ́ dúró. Bí apá tó rọ ò bá lè mira rárá, ẹ fi ìka gbé e lọ síbi tó yẹ kó lọ, kí ẹ máa rò ó lọ́kàn pé òun ló ń lọ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá rọra fi ìka sílẹ̀. Bíi ká di ọmọdé lọ́wọ́ mú kọ lẹ́tà ni.

Ọwọ́ ni mo máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Màá fọ̀ ọ́, màá fi òrí díẹ̀ pa á, màá wá máa fi ìka méjì yí òbírí kéékèèké láti àgbọ̀n lọ sókè síbi etí, láti igun ẹnu lọ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, láti irun òkè ojú lọ síbi irun orí. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi ata àti róòbù pa lójú títí tó fi bó. Ẹ má ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá yín létí apá kejì, wọ́n ní ó máa ń ta á padà, irọ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ta iná síni lára tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ńkọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn náà, iwájú orí: ẹ gbé e sókè bí ẹni tó gbọ́ iye tí àpò ìrẹsì di láàárọ̀ yìí. Èyí ò le, a ti mọ̀ ọ́n ṣe. Imú: ẹ ká a sókè bí ẹni tí fùfú aládùúgbò ń rùn sí. Ti ojú ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, nítorí bí ẹyinjú bá ti wolẹ̀, ìpéǹpéjú á tẹ̀ lé e dé ìdajì ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá pa á dé bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ má fún un pọ̀.

Ẹ̀rín ló gbà mí ní sùúrù jù. Ẹ fi ìka kan di igun ẹnu tó dáa mú kó má baà sáré. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ rẹ́rìn-ín kékeré, irú èyí tí èèyàn máa ń rín ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kò gbọdọ̀ ju bí apá tó rọ ṣe lè bá a dé. Bí ọ̀tún ò bá lè kúrò níbi tó wà, kí òsì náà má kúrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń fi téèpù mi wọn ọ̀tún, láti ìlà àárín dé igun ẹnu, nígbà tí mo bá dákẹ́ àti nígbà tí mo bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni nọ́ńbà méjèèjì fi jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rò pé téèpù ló yẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti sún, ìwọ̀n orí píìnì. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó wá wò ó, kò rí nǹkan kan, ó kàn ní "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá mi."

Ètè ló kàn. Ẹ ká a jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ fa atẹ́gùn díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ gbé e láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni tó ń yọ́nu. Bí ó bá ń jò, ẹ fi ìka di ètè pọ̀. Àpò atẹ́gùn kékeré ni o, kì í ṣe bàlúùnù.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́ eré ìdárayá ètè. Ẹ wo "p" àti "gb" wa: ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó là. "F" ń fẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ kan eyín òkè, ibi tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹnu Èkìtì tún ní tirẹ̀: níbi tí ará Ọ̀yọ́ bá ti pe ilé àti ìlú, àwa ń pe ulé àti ùlú, ètè á sì ká jọ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà níléèwé, olùkọ́ máa ń nà wá nítorí "ulé". Òun náà ló wá di oògùn mi.

Mo wá ṣètò orúkọ ìlú wa bí ọmọ gárèèjì tó ń pe èrò, ṣùgbọ́n ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: Ọ̀múò, Emùré, Ìmẹ̀sí, kí ètè lè pa dé. Ìpotì àti Gbọ̀nyìn, tó jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n pàdé kí wọ́n sì là. Ẹ̀fọ̀n àti Ìfàkì tiwa, fún "f". Ẹ máa fi ojú sí ìlà ṣọ́ọ̀kì bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Bó bá ti ń dùn lẹ́nu, ẹ bọ́ sí èyí tí gbogbo wa fi ṣeré léwe: "Mo jẹ dòdò n'Ídòó, mo fọwọ́ dòdò nu ìdodo ọmọ onídòdò n'Ídòó." Ẹ má sáré. Ọmọdé ló ń sáré rẹ̀. Tiyín ni kí "o" kọ̀ọ̀kan yí rìbìtì lápá méjèèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe Ìfàkì tó dún gẹ́gẹ́ bí Ìfàkì, mo pe oníbàárà ọjọ́sí yẹn lórí fóònù, mo ní aṣọ rẹ̀ ti ṣetán. Kò tíì ṣetán.

Oúnjẹ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òkèlè kékeré, ẹ jókòó ṣánṣán. Oúnjẹ máa ń sá pamọ́ sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín láì jẹ́ kí èèyàn mọ̀, nítorí náà ẹ fi ahọ́n tàbí ìka gbá a jáde, kí ẹ yọ́nu. Ọbẹ̀ ilá á dójú tì yín. Ẹ jẹ ẹ́ nílé. Omi, ẹ gbà á láti igun tó dáa. Bí omi tàbí oúnjẹ bá ń pá yín lórí, tàbí tí ẹ ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé nǹkan mì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètè mọ́, ilé ìwòsàn ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, eré ìdárayá ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun ni tiwọn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì ló sì yẹ kó tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ má fi tèmi yìí rọ́pò rẹ̀.

Bí ojú bá ń pa dé nígbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́

Fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbi tí mo bá ara mi ni mo kọ èyí. Ẹ má fi agbára lé e. Ẹ dín ìgbésẹ̀ kù. Èmi á dojú kọ jígí, màá ká ètè jọ díẹ̀ bíńtín, ojú mi yóò máa wo ojú ọ̀tún. Ibi tí ojú bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré ni màá dúró, màá tú ètè sílẹ̀. Ọ̀la, màá tún lọ dé ẹnu ààlà yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ààlà náà á sún síwájú. Bí òwú ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń le jù, tó ń ká aṣọ jọ, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan. Ìdè òwú la máa ń tú díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá ti le gan-an, ẹ fi àtàǹpàkò sínú ẹnu, kí ìka kejì wà níta, ẹ rọra nà án lọ síwájú, ẹ kà dé ogún, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí kò sí ohunkóhun tó mira, tàbí tí oṣù mẹ́ta kọjá tí ojú ò tíì bọ̀ sípò tán, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè fún físíò. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rán yín. N ò béèrè, ìdí nìyẹn tí bàlúùnù fi ráyè mi.

Ó ti pé ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lórí jígí, àwọn oníbàárà rò pé mo fi ń wo bóyá èjìká aṣọ dọ́gba ni, n ò sì já wọn nírọ́. Ojú mi ṣì ń dín díẹ̀ bí mo bá ń fẹ́ ẹ̀kọ. Físíò ní kí n má kó píìnì sẹ́nu mọ́ láé, pé kò dáa fún ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tí ojú rẹ̀ pé. Mo ra ìrọ̀rí píìnì tí mo so mọ́ ọrùn ọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra epo ẹ̀rọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo kó mẹ́ta sẹ́nu. Wọ́n dúró. Mo yára kó wọn padà sínú ìrọ̀rí kó tó dé.